Pọ́ǹpù Inú Kọ̀ǹpútà Kì Í Yọnu: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Tó Ń Ṣètò Ojú Àgbàrá

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó sínú ọ́fíìsì kan ní Èkó, à ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá. Òjò tó fi sínú kọ̀ǹpútà rọ̀, àgbàrá kún gọ́tà, pọ́ǹpù méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi sì wábi gbà. Kò sí oríta gọ́tà kan tó pọ́n lójú àwòrán náà, ìyẹn àmì pé omi ti kún ún; búlúù ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un pàtẹ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò gidi rọ̀ sórí ẹ́sítéètì kan náà. Omi wọ pálọ̀, ó wọ yàrá, ó gbé fíríìjì léfòó. Pọ́ǹpù méjèèjì wà níbẹ̀ digbí, wọn ò fọ́, wọn ò jóná. Ọ̀kan ò rí iná lò. Ìkejì ń yí lásán, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí i lẹ́nu. Nínú kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, kò sí ọ̀rá, iná kì í sì í lọ.

Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ọ̀gá mi ló fà mí létí. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Pọ́ǹpù wà lára ohun tí onílé ayé òde òní fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Bí a bá wá purọ́ nípa pọ́ǹpù náà nínú ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ti gbà fún àgbàrá kí òjò tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló nílò pọ́ǹpù. Orí òkè ni Ìbàdàn wà, omi ibẹ̀ mọ ọ̀nà odò fúnra rẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní 31 oṣù kẹjọ 1980, pọ́ǹpù kọ́ ni ìbá gbani, bí kò ṣe ojú odò tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Lẹ́kí, Ajah àti Victoria Island. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, ilẹ̀ tẹ́jú, ó sì rẹlẹ̀. Bí ọ̀sà bá kún, omi inú gọ́tà ò ríbi lọ. Nígbà mìíràn, omi ọ̀sà gan-an ló ń gba gọ́tà wọ àdúgbò wá. Ní 10 oṣù keje 2011, òjò tó rọ̀ sí Èkó ju 200 mílímítà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní irú ilẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ lé omi jáde láàárín òjò, àfi kó gbé e sókè.

Kí wọ́n tó ra pọ́ǹpù, wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà dán iṣẹ́ náà wò. Sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni SWMM, tí àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, gbé jáde ní 1971, tí wọ́n sì ń tún un ṣe títí di òní. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn sọ́fítíwíà kan tí à ń rà lówó gọbọi, òun náà ló wà nínú wọn. Nítorí náà, SWMM ni máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo òmíràn á rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ìràwọ̀ kékeré tó ń tanni jẹ

Nínú SWMM, pọ́ǹpù jẹ́ ìlà tí ẹ máa fà láti oríta kan dé òmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á, ẹ máa rí ibì kan tí wọ́n kọ Pump Curve sí. Bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀: *. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àmì yẹn túmọ̀ sí pé àyè ṣófo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé pọ́ǹpù yìí kò ní òdiwọ̀n, pé iye omi yòówù tó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá, kó gbé gbogbo rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bí omi tó ń bọ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí lọ́jà. Ẹni tó bá fi ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí, ó jẹun lójú àlá, ó wá ń nu ẹnu láàárọ̀.

Ìlà agbára, ìyẹn Pump Curve, ni ẹ gbọ́dọ̀ fún pọ́ǹpù yín. Irú rẹ̀ mẹ́rin ló ti wà tipẹ́. Irú kìíní ń wo bí omi tó wà nínú kòtò iwájú pọ́ǹpù ṣe pọ̀ tó. Irú kejì ń wo bí omi ṣe jìn tó, ó sì ń gun àtẹ̀gùn: bí omi bá dé ibí, gbé tó báyìí; bó bá tún gòkè sí i, gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kẹta ń wo gíga tí pọ́ǹpù ní láti gbé omi gùn, láti ojú omi tó ń fà dé ojú omi tó ń tú u sí. Irú kẹrin tún ń wo jíjìn omi, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń yí padà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó lè sáré, tó sì lè rọra. Ìkarùn-ún, tó bá ẹ̀dà 5.2 dé, ni irú kẹta tí a lè yí iyára rẹ̀ padà.

Fún pọ́ǹpù tí à ń rà lọ́jà, tí iyára rẹ̀ kì í yí padà, irú kẹta ló sún mọ́ òótọ́ jù. Gíga àti ìṣàn ló wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe pọ́ǹpù ń fún yín, òun náà sì ni irú kẹta ń béèrè. Ẹ ṣọ́ra fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara pọ́ǹpù. Bí wọ́n bá kọ lítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí i, ojú kan péré nìyẹn lórí ìlà náà, ní gíga kan péré. Bí gíga bá pọ̀ sí i, omi tó ń gbé á dín kù. Ẹni tó bá kọ 200 sílẹ̀ fún gbogbo ìgbà ti sọ pé arúgbó àti ọ̀dọ́ ń gun òkè Ọlúmọ ní ìṣísẹ̀ kan náà.

Lítà ni àbí gálọ́ọ̀nù?

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe SWMM, òṣùwọ̀n tiwọn ló sì máa kọ́kọ́ bá yín sọ. Bí ẹ bá ṣí iṣẹ́ tuntun láì fọwọ́ kan nǹkan kan, CFS, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà oníkúbù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ máa bá níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà ló sì máa fi wọn gígùn àti jíjìn. Ẹsẹ̀ bàtà kan ò ju mítà 0.3048 lọ. Pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 200 bí ẹ bá yan LPS (lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó jẹ́ 0.2 bí ẹ bá yan CMS (mítà oníkúbù ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó jẹ́ nǹkan bí 7 ní CFS, ó sì jẹ́ nǹkan bí 3,170 bí ẹ bá yan GPM, ìyẹn gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà mẹ́rin, pọ́ǹpù kan.

Mo ti rí i tí ẹnìkan kọ 200 nígbà tó jẹ́ pé CMS ló wà lókè. Pọ́ǹpù rẹ̀ di ìlọ́po 1,000. Ó ń gbé omi tó tó odò ńlá, inú ọmọ náà sì ń dùn pé gọ́tà gbẹ. Ohun kejì tó burú ju èyí lọ ni pé bí ẹ bá yí òṣùwọ̀n padà láàárín iṣẹ́, SWMM ò ní bá yín yí àwọn nọ́ńbà tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ padà. Mítà tí ẹ kọ lánàá lè di ẹsẹ̀ bàtà lónìí láì pariwo. Ẹ yan òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Ibi tí pọ́ǹpù ti ń jí àti ibi tó ti ń sùn

Pọ́ǹpù máa ń ní kòtò tí omi ń kó jọ sí níwájú rẹ̀. Bí omi inú kòtò bá dé ibì kan, pọ́ǹpù á jí. Bó bá fà dé ibì kan nísàlẹ̀, á sùn. Nínú SWMM, Startup Depth àti Shutoff Depth ni wọ́n ń pe méjèèjì. Bí ẹ bá fi òdo sí méjèèjì, ẹ ò tíì fún pọ́ǹpù ní àṣẹ ìgbà tó yẹ kó sinmi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn kọ gíga láti ojú òkun síbi tí wọ́n ti ń béèrè jíjìn. Ilẹ̀ kòtò ni wọ́n ti ń ka jíjìn. Ẹ jẹ́ ká ní ilẹ̀ kòtò yín wà ní mítà 2 nísàlẹ̀ ojú òkun, ẹ sì fẹ́ kí pọ́ǹpù jí nígbà tí ojú omi bá dé ààbọ̀ mítà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ohun tí ẹ máa kọ ni 1.5. Ẹni tó bá kọ -0.5, tó ń wo ìwé sọ̀wéyọ̀, ti ṣi àpótí kà.

Àlàfo tó wà láàárín jíjí àti sísùn tún lọ́rọ̀ nínú. Ẹ jẹ́ ká ní kòtò yín fẹ̀ tó mítà 5 sí mítà 4, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 20, pọ́ǹpù sì ń gbé lítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlàfo náà bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, lítà 2,000 péré ló wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù á gbé e tán ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Á máa jí, á máa sùn, bí ọmọ tí ibà ń dà láàmú. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó máa ṣe é. Níta, mọ́tò rẹ̀ á jóná kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta pọ́ǹpù fún yín pé ìgbà mélòó ló lè jí láàárín wákàtí kan. Bó bá ní ìgbà mẹ́fà, ìyẹn ìṣẹ́jú 10 láti jíjí kan dé òmíràn. Ìgbà tí ìyọnu pọ̀ jù ni ìgbà tí omi tó ń wọlé bá jẹ́ ìdajì agbára pọ́ǹpù: ìṣẹ́jú 5 ni kòtò á fi kún, ìṣẹ́jú 5 ni pọ́ǹpù á fi fà á. Lítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìṣẹ́jú 5 jẹ́ lítà 30,000. Nínú kòtò yín yẹn, mítà kan ààbọ̀ ni. Ìyẹn ni àlàfo tó yẹ, kì í ṣe sẹ̀ntímítà 10.

Ẹ tún wo ìṣísẹ̀ àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30, báwo ló ṣe máa rí pọ́ǹpù tó jí tó sì sùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10? Ẹ dín ìṣísẹ̀ náà kù sí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí ẹ sì má fi àwòrán tó ń gba àkọsílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15 ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo wàhálà pọ́ǹpù lè wáyé láàárín àkọsílẹ̀ méjì.

Ọ̀sà kì í dúró sójú kan

Ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú àwòṣe, ọ̀nà oríṣiríṣi ni SWMM fi ń wò ó. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni FREE, bí ẹni pé omi ń já sínú ihò tí kò nísàlẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó wà lórí òkè. Ní Lẹ́kí, irọ́ ni. Ẹ fi ojú ọ̀sà síbẹ̀: FIXED bí ẹ bá fẹ́ kó dúró sójú kan ní ibi tó burú jù, TIDAL tàbí TIMESERIES bí ẹ bá fẹ́ kó máa kún, kó máa fà. Ẹ má sì gbàgbé pé òkun nìkan kọ́ ló ń gbé ọ̀sà sókè. Odò Ògùn, tó ń gba omi odò Ọ̀yán, ọ̀sà Èkó ló ń wọ̀. Àwọn ará Ìṣẹ́rí àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ nígbà tí òjò ti pọ̀.

Bí pọ́ǹpù yín bá jẹ́ irú kẹta, gbogbo sẹ̀ntímítà tí ọ̀sà bá fi gòkè ló máa dín omi tó ń gbé kù. Ohun tí ẹ fẹ́ rí gan-an nìyẹn. Ẹ ya páìpù tó ń gbé omi lọ láti pọ́ǹpù dé ọ̀sà pẹ̀lú gígùn rẹ̀ àti bí inú rẹ̀ ṣe rí, torí pé omi tó ń fara ha páìpù náà ń jẹ nínú agbára pọ́ǹpù. Bí gọ́tà kan bá tún wà tó ń ṣàn lọ sọ́sà láì gba ti pọ́ǹpù, ẹ fi ìlẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan sí ẹnu rẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà àti níta. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sà á gba ibẹ̀ wọlé, pọ́ǹpù á wá máa gbọ́n ọ̀sà. Ta ló gbọ́n ọ̀sà gbẹ rí?

Gbogbo èyí ò lè yọrí bí ẹ bá fi ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Kinematic Wave ṣe é. Ọ̀nà yẹn ò mọ omi tó ń ti omi padà sẹ́yìn. Dynamic Wave ni kí ẹ yàn.

Omi tó tú dànù, níbo ló lọ?

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń purọ́ láì mọ̀. Bí omi bá kún oríta kan dé ẹnu, tó sì tú sójú títì, SWMM á yọ omi náà kúrò nínú ìṣirò, àfi bí ẹ bá sọ fún un pé kó jẹ́ kí omi jókòó lórí ilẹ̀, kí ẹ sì sọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, omi tó tú ti di àwátì. Kò padà sí gọ́tà, kò dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù yín á dà bí akọni, nígbà tó jẹ́ pé omi tó yẹ kó bá jà ti gba ọ̀run lọ. Níta, pálọ̀ èèyàn ni omi náà wà.

Òmíràn tó jọ ọ́: oríta tó wà lẹ́yìn pọ́ǹpù, níbi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀, agbára ń ti omi níbẹ̀. Bí ẹ ò bá fún un láyè láti gba agbára náà, níbi tí wọ́n kọ Surcharge Depth sí, omi tí pọ́ǹpù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé á tú dànù níbẹ̀ gan-an, ẹ ó sì máa rò pé páìpù ti gbé e dọ́sà.

Pọ́ǹpù kì í dá òjò dúró

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí kò nílò kọ̀ǹpútà. Ẹ́sítéètì kan fẹ̀ tó hẹ́kítà 10, kọnkéré àti intalọ́ọ̀kì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òjò mílímítà 60 rọ̀ ní wákàtí kan, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì di àgbàrá. Lítà 4,800,000 nìyẹn. Bí a bá fi táńkà oní-lítà 10,000 kó o, táńkà 480 ni. Pọ́ǹpù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé lítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á kó táńkà 144 láàárín wákàtí náà. Táńkà 336 ló ṣẹ́ kù. Bó bá kó ara jọ sórí hẹ́kítà méjì tó rẹlẹ̀ jù, omi á jìn tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 17, ó ti kọjá kókósẹ̀ nìyẹn, àní pẹ̀lú pọ́ǹpù méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́.

Bí òjò bá dá, pọ́ǹpù méjèèjì á fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20 gbé èyí tó kù. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, á gba wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn òjò. Bí kò bá sí ìkankan, ó di ìgbà tí ọ̀sà bá fà. Ẹ rí i báyìí pé iṣẹ́ pọ́ǹpù ni láti dín àkókò tí omi fi ń jókòó kù. Ohun tó ń gba omi nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ ni àyè: adágún, gọ́tà tó fẹ̀, ilẹ̀ tí wọn ò fi kọnkéré bò. Ẹni tó bá fi pọ́ǹpù rọ́pò àyè, owó ló fi ń sọ̀kò sínú àgbàrá.

Ẹ pa pọ́ǹpù náà

Ẹ wo New Orleans ní Amẹ́ríkà. Apá púpọ̀ nínú ìlú náà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ibẹ̀ ni A. Baldwin Wood ti ṣe pọ́ǹpù onískúrù ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí 1913. Òdiwọ̀n tí wọ́n máa ń dá níbẹ̀ ni pé pọ́ǹpù ìlú lè kó ínṣì kan òjò ní wákàtí àkọ́kọ́, àti ìdajì ínṣì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ní 5 oṣù kẹjọ 2017, òjò rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì, omi sì kún àdúgbò púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fáráyé pé gbogbo pọ́ǹpù ló ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú pé, nínú pọ́ǹpù bí 120, ó ju mẹ́wàá lọ tó ti dákẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná ṣẹ́ yọ lára ẹ̀rọ kan tó ń pèsè iná mànàmáná fún wọn. Àwọn ọ̀gá kan tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìlú tó ti ń fi pọ́ǹpù gbọ́n omi fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nìyẹn, tí ojú fi tì í bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ Nẹ́pà ńkọ́?

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ pa pọ́ǹpù náà. Níbi tí wọ́n ń pè ní Control Rules, ẹ kọ àṣẹ pé nígbà tí òjò bá le jù, kí pọ́ǹpù kìíní dákẹ́. Ẹ wo ibi tí omi dé. Ẹ tún un ṣe kí méjèèjì dákẹ́ fún wákàtí kan, ìyẹn àkókò tí wọ́n máa fi wá dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún dín agbára ọ̀kan kù sí ìdajì, torí ọ̀rá tó dí i lẹ́nu. Bí ẹ bá ra pọ́ǹpù mẹ́ta kí ọ̀kan lè máa dúró de ọjọ́ ìṣòro, méjì ni kí ẹ fi sínú ìṣirò. Adelé kì í bá onílé jẹun pọ̀.

Ẹ ka ìwé àbájáde

Àwòrán ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n inú ìwé àbájáde ni òótọ́ wà. SWMM máa ń kọ àtẹ kan fún pọ́ǹpù nìkan. Ó máa sọ ìgbà mélòó tó jí, ìṣàn tó pọ̀ jù, gbogbo omi tó gbé, iná tó jẹ, àti ìdá àkókò tó fi ṣiṣẹ́ kúrò lórí ìlà agbára rẹ̀. Bó bá jí ní ìgbà 90 láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ padà sídìí àlàfo. Bó bá fi àkókò púpọ̀ kúrò lórí ìlà, pọ́ǹpù tí ẹ yàn kọ́ ló yẹ ibẹ̀. Ẹ tún wo bóyá omi tó wọlé àti omi tó jáde dọ́gba. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá ti kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí i, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀

Kò dìgbà tí ẹ bá mọ SWMM kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè márùn-ún tó. Ìlà agbára ta ni ẹ lò, ẹ jẹ́ ká rí ìwé rẹ̀? Níbo ni ẹ gbé ojú ọ̀sà sí? Bí pọ́ǹpù kan bá dákẹ́, ilé ta ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀? Wákàtí mélòó ni omi máa fi jókòó lẹ́yìn òjò? Ta ló máa sanwó dísẹ́ẹ̀lì àti owó àtúnṣe lọ́dún kẹta, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti lọ? Ẹnjiníà tí kò lè dáhùn, ẹ fi sùúrù dá a padà sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rá tó ń lọ sẹ́nu pọ́ǹpù.

Ẹnìkan ló kọ́ mi ní èyí tó kẹ́yìn, kò sì kàwé rárá. Mo lọ wo pọ́ǹpù kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo kí i, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo fi hàn án bí omi ṣe ń lọ. Ó wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ara mi níbẹ̀."

"Báwo, Bàbá?"

"Èmi ni mo ń tan jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo ń yọ pàǹtí lẹ́nu rẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lóru, ilé ni mo ti ń bọ̀. Bí ọ̀nà bá ti kún, ó lè tó ìṣẹ́jú 40 kí n tó dé. Ṣé pọ́ǹpù tiyín yìí ń dúró dè mí?"

Kò dúró dè é. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sínú àṣẹ pé kí pọ́ǹpù má ṣiṣẹ́ títí ìṣẹ́jú 40 á fi kọjá lẹ́yìn tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Oríta mẹ́ta tó ti ń tàn búlúù látọjọ́ yìí pọ́n wẹ́wẹ́. A fagi lé pọ́ǹpù kẹta tí wọ́n fẹ́ rà. A fi owó rẹ̀ gbẹ́ adágún kékeré kan, a sì kọ́ yàrá kan fún Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, kó lè máa sùn síbẹ̀ nígbà òjò.